Ta Ló Gbé Irin Ìpàdé?

Ìyá ìkókó, ẹ jókòó jàre. Ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra, kì í ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ òsì yín o, ẹsẹ̀ kan ti yẹ̀ lára ìyẹn láti ọjọ́ ìpàdé. Ọjọ́ ìpàdé yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ẹ ní kí ló dé tí Alága fi ń rán ọmọ kiri ojúlé-ojúlé kó tó lè pe ìpàdé, tí wọn ò kàn lu agogo bíi ti ilé tí ẹ ti kó wá? Ẹ ṣé tó jẹ́ èmi lẹ bi. Ká ní ìyàwó Alága ni, irọ́ gidi ni ì bá pa fún yín. Èmi kì í ṣe òfófó. Ohun tí ojú mi bá rí lẹnu mi ń sọ, àfi pé ojú yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn.

Ẹ jẹ́ n koná mọ́ ẹ̀wà yìí ná.

Ilé yìí ní agogo. Ríìmù tírélà ni, wọ́n fi ṣéènì so ó rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn balùwẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ lọ wò ó. Ohun tí wọ́n fi ń lù ú ni kò sí mọ́. Rọ́ọ̀dù ni, rọ́ọ̀dù 16, kò gùn ju láti igbọ̀nwọ́ yín dé orí ìka lọ, wọ́n fi àkísà pupa wé ìdí rẹ̀ kó má baà ha ọwọ́. Lọ́jọ́ ìpàdé, Alága á fi lu ríìmù lẹ́ẹ̀mẹta, á wá gbé e lé orí tábìlì níwájú ara rẹ̀. Tó bá ti wà lórí tábìlì, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ láìgbàṣẹ, ₦500. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹjọ́ lásán là ń rò, ẹni tó bá wù lè máa bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Ẹ sì wo ibi tí a wà o. Owódé Onírin! Tí ẹ bá sọ̀ nínú BRT lẹ́yìn Máìlì 12, kí ẹ tó rí èèyàn, ẹ ó ti rí irin: ẹ́ńjìnnì, gíábọ́ọ̀sì, súpíríǹgì, ẹ̀yìn tírélà tí wọ́n gé sí méjì. Ẹni tó bá ń wá rọ́ọ̀dù, kó bẹ̀rẹ̀ kó mú un nílẹ̀. Ọkọ mi tó ń ra àlòkù irin, òòfà ló fi ń dá ẹjọ́. Á mú òòfà jáde nínú àpò ṣòkòtò, á gbé e sún mọ́ ohun tí ọmọ ìta gbé wá: tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn pé kà, irin ni, á ní kí wọ́n jù ú sórí òṣùwọ̀n, owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ohùn ọkọ mi á rọlẹ̀, á ní kí ọmọ náà wọlé wá mu omi. Ó lè jẹ́ idẹ nìyẹn, ó lè jẹ́ bàbà. Rọ́ọ̀dù ìpàdé yẹn, òòfà gbé e dáadáa. Irin ni, irin lásán. Síbẹ̀ ọmọ Ìyá Súlíà fi lé adìyẹ lọ́jọ́ kan, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi ṣe ẹjọ́ rẹ̀.

Sọ́mò ló dá ìjà sílẹ̀. Sọ́mò tó ń fa omi wa jó, Alága ní ₦70,000 lòun fi wé wáyà rẹ̀. Àwọn ará òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní irọ́ ni, àwọn ti bá oníṣẹ́ náà dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kétu. Mo mọ iye tí ọkùnrin náà gbà, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún yín pé èmi kì í ṣe òfófó. ₦45,000 ni. Àwọn ará òkè wá kọ ìwé. Yàrá 12 ló wà nínú ilé yìí, yàrá 7 ló tọwọ́ bọ̀ ọ́ pé àwọn ò fẹ́ Alága mọ́, Bàbá Gíábọ́ọ̀sì làwọn fẹ́. Wọ́n gbé ìwé lọ bá lánlọ́ọ̀dù ní Ìkòròdú. Lánlọ́ọ̀dù ní òun ti gbọ́, kí Bàbá Gíábọ́ọ̀sì máa ṣe é lọ. Alága ta kú. Ó ní lánlọ́ọ̀dù kọ́ ló fi òun jẹ, ìpàdé ló fi òun jẹ, ìpàdé ló sì lè yọ òun. Ó dọjọ́ Sọ́ńdè.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n lu ríìmù, irin dé orí tábìlì. Akọ̀wé yanu pé kóun ka ìwé, ni Wẹ́dà bá fò sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀yin ò tíì mọ Wẹ́dà, èyí tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tọ́ńkì omi, ọmọ ẹ̀yìn Alága ni. Ó lanu, ó ní iná o, iná ń jó lókè! Gbogbo ojú wòkè. Ìyá Súlíà sáré lọ gbé sìlíńdà gáàsì rẹ̀. Kí ojú wa tó padà sílẹ̀, àga ti ń fò. Ibẹ̀ lẹsẹ̀ àpótí yẹn ti yẹ̀. Ẹnì kan já irin gbà lórí tábìlì, ó gbé e sókè pé kóun fi la orí Bàbá Gíábọ́ọ̀sì, ìyẹn yẹ̀ ẹ́, irin balẹ̀ sórí tábìlì, tábìlì là sí méjì. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò rí irin yẹn mọ́.

Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ní gbogbo àsìkò yẹn? Bàbá Tíṣà ni. Wọ́n jókòó ti kọ́ọ̀pù tíì wọn, omijé ẹ̀rín ń bọ́, wọ́n ní, “Ìbàdàn rèé o! 1962 rèé!” Mo rò pé nǹkan ti kọ lu orí àgbàlagbà ni. Àṣé èmi ni n ò mọ̀wé.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe là á yé mi. Ní 1962, Kétu yìí, Ìkòsí, Owódé, gbogbo wa kì í ṣe ara Èkó lábẹ́ ìjọba. Ìbàdàn ló ni wá. 1967 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Nítorí náà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí mo fẹ́ sọ yìí, tiwa ni, owó orí àwọn bàbá wa ló ra àga tí wọ́n jù níbẹ̀. Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnu rẹ̀ dùn débi pé ẹni tó ń bú gan-an á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀ pé òun ni. Òun àti Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ wọn, ti jà. Àwọn aṣòfin 66 nínú 124 wá tọwọ́ bọ̀wé fún gómìnà pé àwọn ò tẹ̀lé Akíntọ́lá mọ́. Ta ni gómìnà? Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí. Kábíyèsí ka ìwé, wọ́n yọ Akíntọ́lá ní 21 oṣù karùn-ún, wọ́n fi Alhaji Dáúdà Adégbénró sípò. Akíntọ́lá ní ìwé kọ́ ló ń yọ olórí ìjọba, inú ilé ìgbìmọ̀ ni kí wọ́n ti dìbò. Ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ Alága àti lánlọ́ọ̀dù ni, hóró kan ò yàtọ̀. Mo bi Bàbá Tíṣà bóyá Alága ti kàwé yẹn rí. Wọ́n ní Alága ò ka nǹkan kan rí yàtọ̀ sí owó.

Ó di 25 oṣù karùn-ún, àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ní Agodi. Ilé jókòó láti dìbò bóyá wọ́n gba Adégbénró. Ọ̀pá àṣẹ, tó dà bí irin ìpàdé tiwa fún wọn, ti wà lórí tábìlì. Ọmọọba Adélékè Adédoyin, Abẹnugan, ti wà lórí àga. Wọ́n gbàdúrà tán. Olóyè Ọdẹbíyí dìde pé kóun gbé àbá kìíní kalẹ̀, bí akọ̀wé wa ṣe yanu gẹ́lẹ́. Ni aṣòfin kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ bá fò sórí tábìlì, ó ń pariwo pé iná ń jó lórí òkè, ó sì ń gbé àga jù. Ìyá ìkókó, ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀: Òkè! Ọ̀gbẹ́ni E. O. Òkè. Òkè fúnra rẹ̀ ló gorí tábìlì tó ń ké pé òkè ń jóná! Ibi tí Bàbá Tíṣà dé rèé tí tíì fi gba imú wọn jáde.

Òmíràn, Ebubedike, aṣojú ìlà-oòrùn Àgbádárìgì, dìde, ó gbá ọ̀pá àṣẹ mú, ó fẹ́ fi lu Abẹnugan. Ó tàsé. Ọ̀pá balẹ̀ sórí tábìlì, ó dá. Àga ń lọ, àga ń bọ̀. Wọ́n fọ́ Momoh, tó jẹ́ mínísítà, lórí, ilé ìwòsàn ló bá ara rẹ̀. Ọlọ́pàá yin tajútajú, gbogbo àwọn alágbádá ń sunkún bí ẹni tó ń gé àlùbọ́sà. Wọ́n simi díẹ̀, wọ́n tún wọlé. Láti Èkó, Tafawa Balewa, olórí ìjọba àpapọ̀, ti ní tí ọlọ́pàá bá jókòó sínú ilé kí wọ́n tó dìbò, ìjọba àpapọ̀ ò ní ka ìbò náà sí. Bí wọ́n ṣe jókòó lẹ́ẹ̀kejì, Olóyè Ọdẹbíyí tún dìde, àga tún fò. Tajútajú tún dé, wọ́n lé gbogbo wọn síta, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ti ilé ìgbìmọ̀ nìyẹn o: àdúrà, àga, tajútajú, kọ́kọ́rọ́. Àbá kìíní ò jáde lẹ́nu Olóyè tán.

Ní 29 oṣù yẹn, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n mú Dókítà Májẹ̀kódùnmí pé kó wá máa ṣàkóso wa. Dókítà agbẹ̀bí ni! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ ó mọ ìdí: Ìwọ̀-Oòrùn ti ń rọbí. Títí ọdún fi parí ló wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1963, Akíntọ́lá padà sórí àga. Ilé ẹjọ́ àgbà ti Lọ́ńdọ̀nù wá dájọ́ ní oṣù karùn-ún pé Ọọ̀ni ò ṣẹ̀, ìwé tó láti yọ Akíntọ́lá. Kí ni wọ́n ṣe n'Ìbàdàn? Wọ́n jókòó, wọ́n tún òfin kọ, wọ́n sì ní kó padà sẹ́yìn lọ bẹ̀rẹ̀ láti 1960. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè kọ́ mi níyẹn? Mo fẹ́ lọ tún ọjọ́ ìgbéyàwó mi kọ.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún náà, Nàìjíríà yọ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì kúrò lórí, a di ilẹ̀ aláìlọ́ba òyìnbó. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún Bàbá Tíṣà pé àwa dúdú la ò mọ ilé ìgbìmọ̀ ṣe, òyìnbó ò jẹ́ jà nínú tiwọn. Há! Àgbàlagbà gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀.

Wọ́n ní òyìnbó ti yọ ọba tiwọn rí, tiwọn tilẹ̀ burú, orí ni wọ́n bẹ́. 30 oṣù kìíní, 1649, Charles, ní gbangba Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ kan, àwọn aṣòfin jókòó, wọ́n ní ọba jíjẹ ò wúlò, ó ń náni lówó, ó sì léwu. Wọ́n ju ọ̀pá àṣẹ àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí adé tó wà lórí rẹ̀, wọ́n rọ tuntun tí kò ládé. Mo ní, “Kí ni wọ́n fi rọ ọ́?” Wọ́n ní fàdákà, wọ́n wá fi wúrà pa á lára. Òòfà ò lè gbé ìyẹn láéláé. Ọkọ mi ì bá ti fún un lómi tútù.

Ilé wọn ò lówó o, ṣọ́jà ń bèèrè owó oṣù, ọkọ̀ ojú omi ń bèèrè owó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù olóògbé ọba: bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ògiri, àwòrán. Pọ́lọ́mbà kan wà, John Embree, òun ló ń tún páìpù àti òrùlé òjé ààfin ṣe, wọ́n jẹ ẹ́ lówó tó lé ní £900. Wọn ò rówó san, wọ́n gbé àwòrán fún un. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti Titian, ọ̀gá ayàwòrán ilẹ̀ Ítálì tí àwọn ọba ń bára wọn du iṣẹ́ rẹ̀. Mo ń fojú inú wo pọ́lọ́mbà wa, èyí tó tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa ṣe tí Alága ò tíì sanwó fún, kí wọ́n ní, “Bọ̀dá, kò sówó, ṣùgbọ́n ẹ máa gbé àwòrán Màríà lọ.” Iṣẹ́ náà á padà já lóru ọjọ́ yẹn.

Ẹ má tíì lọ, èyí tó dùn kù. 10 oṣù karùn-ún, 1650, àwọn aṣòfin aláìlọ́ba yìí ṣòfin panṣágà. Obìnrin tó lọ́kọ, tí wọ́n bá ká a mọ́ ọkùnrin mìíràn, ikú ni, fún òun àti ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó láya, tó lọ bá omidan? Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Mo ní kí Bàbá Tíṣà tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Mo bi wọ́n bóyá obìnrin kan wà nínú ilé ìgbìmọ̀ yẹn. Wọ́n ń fọ́n imú. Àyè kan wà ṣá: tí ọkọ bá ti wà lókè òkun fún ọdún mẹ́ta gbáko, òfin ò mú obìnrin náà. Mo wo yàrá kejì lókè, èyí tí ọkọ rẹ̀ ti gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà. N ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ku oṣù mẹ́rin kó pé ọdún mẹ́ta, mo kàn ń kà á fún ara mi ni.

Àwọn aṣòfin wọ̀nyẹn jókòó pẹ́ títí, wọn ò fẹ́ lọlé. Ọ̀gágun Cromwell, tó bá wọn ṣẹ́gun ọba, ń wò wọ́n. Ní 20 oṣù kẹrin 1653, ó wọlé, aṣọ dúdú lásán ló wọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn aláwọ̀ eérú, bí ẹni tó wá kí wọn kú iṣẹ́. Ó jókòó, ó ń gbọ́. Bí wọ́n ṣe fẹ́ dìbò lórí àbá ọjọ́ náà, ó dìde. Ó kọ́kọ́ yìn wọ́n. Ìyá ìkókó, ẹ bẹ̀rù ẹni tó bá kọ́kọ́ yìn yín. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan: ìwọ, ọ̀mùtí; ìwọ, alágbèrè. Ó pe ṣọ́jà wọlé pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n fa Lenthall, Abẹnugan wọn, sílẹ̀ lórí àga. Ojú Cromwell wá bọ́ sára ọ̀pá àṣẹ lórí tábìlì, ọ̀pá onífàdákà yẹn, ó ní kí ni kí wọ́n ti ṣe nǹkan ìṣeré aláwàdà yìí sí, kí wọ́n gbé e kúrò. Ṣọ́jà gbé e lọ bí igi ìdáná. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ní aláwàdà kan lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà: ilé yìí wà fún yíyá, kò sí àga nínú rẹ̀. Ká ní Èkó ni, ajẹ́ńtì á ti gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìgbà tí ilé mìíràn tún jókòó, ní 1656, ọ̀rọ̀ wòlíì kan ni wọ́n fi oṣù Kérésìmesì fà. James Nayler, ó gun ẹṣin wọ Bristol nínú òjò, àwọn obìnrin ń kọ Hòsánà níwájú rẹ̀ bí ẹni pé Jésù ni. Ọjọ́ bíi mẹ́wàá ni wọ́n fi jiyàn bóyá kí wọ́n pa á. Ìbò 96 sí 82 ló gbà á. Wọ́n wá fi irin gbígbóná lu ahọ́n rẹ̀ já. Ìgbà tí Wẹ́dà gbọ́ ìyẹn, ó pa ẹnu dé, ọjọ́ méjì ni kò bá ẹnikẹ́ni jà nínú ilé yìí.

Bàbá Tíṣà ní nǹkan náà ò tíì parí. 18 oṣù kẹrin 2018, àwọn jàǹdùkú wọ ilé Sẹ́nétọ̀ l'Ábújá, wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ sá lọ. Ọlọ́pàá rí i lọ́jọ́ kejì lábẹ́ afárá, nítòsí ẹnubodè ìlú. Lábẹ́ afárá! Tó bá jẹ́ Owódé Onírin ni wọ́n jù ú sí, ẹ rò pé wọ́n á rí i? Wọ́n á ti gé e sí mẹ́rin, wọ́n á ti wọ̀n ọ́n, wọ́n á ti fi owó rẹ̀ jẹ àmàlà.

Ẹ̀wà yìí ti ń fẹ́ jóná. Ẹ sún sẹ́yìn, èéfín á wọ ojú ọmọ. 

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà báyìí rèé. Alága ní òun ṣì ni Alága, nítorí pé ìpàdé ò yọ òun. Bàbá Gíábọ́ọ̀sì ní òun ni Alága, nítorí pé lánlọ́ọ̀dù fi òun sí i. Àwọn méjèèjì ò lè pe ìpàdé tí yóò yanjú rẹ̀, nítorí pé irin ò sí lórí tábìlì. Mo ní kí wọ́n mú rọ́ọ̀dù mìíràn nílẹ̀, ó kún títì. Ará òkè ní rọ́ọ̀dù tí Alága bá mú wá, àwọn ò gbà. Ará ìsàlẹ̀ ní rọ́ọ̀dù tí Bàbá Gíábọ́ọ̀sì bá rà, agbọ̀n idọ̀tí ni wọ́n á fi rú. Sọ́mò ṣì wà nílẹ̀. Pọ́lọ́mbà ò tíì gbowó. Kẹ́ẹ̀gì omi kan ti di ₦100 lọ́wọ́ mai ruwa. Kò sẹ́ni tó ń gba ₦500 lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ̀rọ̀ láìgbàṣẹ mọ́ o, ìyẹn ni ara fi tù mí láti ọjọ́ náà. Ẹ wo bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

Wọ́n ti tú yàrá Wẹ́dà. Wọ́n ti wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì akọ̀wé. Wọ́n tilẹ̀ wá sọ́dọ̀ ọkọ mi pé kó wo inú àlòkù rẹ̀, wọ́n fi wákàtí méjì yẹ irin wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń wá ò sí níbẹ̀. Èmi ni mo gbé omi fún wọn mu.

Kí lẹ ń wò, Ìyá ìkókó? Ohun tí mo fi ń koná? Ẹ dákun, irin ni. Àkísà ìdí rẹ̀ ti jó tán. Ẹ gbé abọ́ yín wá, ẹ̀wà ti jiná.